Orin Ni Toyibat Lọ Gbọ́, Rose Ló Wọ Aṣọ Rẹ̀ Lọ Síbi Iṣẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, ọ̀rọ̀ Toyibat ni mo gbé wá lónìí. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́. Ó ní kí n má fi iyọ̀ sí i, kí n má sì yọ ata kúrò níbẹ̀, torí pé láti Ṣàngó títí dé Itele, àwọn tó ń ṣe ohun tí òun ṣe kò lóǹkà. Ọlọ́run ló kàn ń bò wọ́n láṣìírí.

Ilé iṣẹ́ bísíkíìtì kan ní Ọ̀tà ni Toyibat ti ń ṣiṣẹ́. Kásúà ni, òṣìṣẹ́ ojúmọ́. Kásúà kì í gba lẹ́tà, kì í ní ọjọ́ ìsinmi, nọ́ńbà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ sì lorúkọ rẹ̀. Fọ́tì-Wan ni ti Toyibat. Tí àwọn obìnrin ibẹ̀ bá ti wọ aṣọ búlúù yẹn tán, tí wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì bo irun, tí wọ́n fi ìbòmú bo imú àti ẹnu, ojú lásán ló kù, gbogbo wọn a sì dà bí ìbejì.

Ibẹ̀ ni ohun tí wọ́n ń pè ní "wọṣọ-mi" ti wá. Bí ara ẹnì kan kò bá yá, tàbí ó ní òkú láti lọ sin, tí ọ̀gá kò sì yọ̀ǹda rẹ̀, á fi aṣọ rẹ̀ rán ẹlòmíì wọlé. Onítọ̀hún á jẹ́ nọ́ńbà rẹ̀, á ṣiṣẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n á ṣíwọ́, ó parí. Ẹni tí kò ṣe é rí níbẹ̀, ẹnì kan ti ṣe é fún un rí.

Toyibat kò ní òkú láti sin. Orin ló fẹ́ lọ gbọ́.

Ọkùnrin kan wà tó ń kọ orin ẹ̀sìn, Sirajudeen, Ohùn Ìtura ni wọ́n ń kì í. Kò sí orin rẹ̀ tí Toyibat kò lè kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, títí dé ibi tí ọkùnrin náà ti ń wúkọ́ díẹ̀ kó tó gbé ohùn sókè. Tó bá ń fọ aṣọ, òun ni. Tó bá ń lọ ata, òun ni. Rose tí wọ́n jọ ń gbé yàrá kan ní Ilo-Awela máa ń sọ pé bí Toyibat bá lálàá, Sirajudeen ni yóò máa kọrin sí àlá náà lábẹ́lẹ̀.

Síbẹ̀ orí kì í bá a ṣe é. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ọkùnrin náà wá sí Ṣàngó, ẹnu iṣẹ́ ni Toyibat wà. Ìgbà kejì, ó débẹ̀, òjò dé, atẹ́gùn gbé àtíbàbà, olórin ò sì jáde nínú mọ́tò rẹ̀. Ìgbà kẹta, wọ́n ti ti géètì kó tó dé. Ẹ̀yìn ògiri ló dúró sí títí wọ́n fi parí. Ó ń gbọ́ ìlù, kò gbọ́ ọ̀rọ̀.

Àwọn olólùfẹ́ Sirajudeen ní gúrúpù kan lórí Wásáàpù. Látìgbà yẹn ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Alhaja Ẹ̀yìn-Ògiri. Tó bá ti fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀, ẹnì kan á ní kí gbogbo èèyàn dákẹ́, kí wọ́n bá Alhaja gbé àga sẹ́yìn ògiri ná. Toyibat á bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó ń dùn ún.

Ìgbà tí wọ́n wá kéde pé Sirajudeen ń bọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, inú gbọ̀ngàn, lábẹ́ òrùlé, Làtífátù tí í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú gúrúpù ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì, ó sì fún un ní ọ̀kan. Iwájú gan-an ni.

Toyibat lọ bá Ọ̀gá Johnson tó ń mójú tó wọn níbi iṣẹ́. Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó fún òun ní ọjọ́ kan péré. Ọ̀gá Johnson ò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní àwọn tó ń dúró ní géètì láràárọ̀ nítorí iṣẹ́ yìí pọ̀ ju bísíkíìtì lọ. Ọjọ́ tí Fọ́tì-Wan kò bá wá, kó má wá mọ́.

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń dúró ní géètì náà ni Rose.

Ọmọ Ègùn ni Rose, láti apá Àgbádárìgì. Ó ti pẹ́ tó ti ń jí lọ síbẹ̀. Wọ́n á mú àwọn èèyàn wọlé, wọ́n á sì fi òun sílẹ̀ pẹ̀lú ìyókù, á wá rìn padà sílé. Nígbà tí Toyibat dá ọ̀rọ̀ wọṣọ-mi sílẹ̀, ńṣe ni inú rẹ̀ dùn.

"Tí mo bá ti wọlé lẹ́ẹ̀kan, mo ti mọ iṣẹ́ náà nìyẹn," ó ní. "Ọjọ́ tí wọ́n bá wá pe èmi fúnra mi, mi ò ní máa wò bí ọ̀dẹ̀."

Toyibat kọ́ ọ ní gbogbo ohun tó yẹ. Ìdí tábìlì ni kó dúró sí, kó máa kó bísíkíìtì sínú ọ̀rá. Kó má ṣí ìbòmú. Kó má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ àfi Ayọ̀kúnnúmi, obìnrin tí òun àti Toyibat jọ ń dúró ní tábìlì kan náà, tó sì mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe. Tí wọ́n bá sì pe Fọ́tì-Wan, kó yára dáhùn.

Ohun kan wà tí kò kọ́ ọ.

Ẹ̀rọ kan wà nínú ilé iṣẹ́ náà tó ń tẹ ìyẹ̀fun pípò pẹlẹbẹ. Ẹ̀rọ yẹn máa ń há. Toyibat ló mọ bí wọ́n ṣe ń tú u. Á pa iná rẹ̀, á fọwọ́ lẹ́rán títí irin tó ń yí nínú rẹ̀ yóò fi dúró pátápátá, torí bí iná bá kú, irin náà ṣì máa ń yí lọ díẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni yóò wá fi igi fa ìyẹ̀fun jáde. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ. Ojú rẹ̀ ló fi wò ó, ọwọ́ rẹ̀ ló fi mọ̀ ọ́n. Torí náà, bí ẹ̀rọ bá ti há, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń ké sí. Wọn kò mọ Toyibat. Fọ́tì-Wan ni wọ́n ń pè.

Kò ronú kàn án. Orin ti gba gbogbo orí rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú pé. Rose wọ aṣọ búlúù jáde láàárọ̀, ó yí ẹ̀yìn sí Toyibat pé kó bá òun wò ó bóyá nọ́ńbà náà lẹ̀ dáadáa. Toyibat fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ó lẹ̀.

Ara Toyibat ò kọ́kọ́ balẹ̀ nínú gbọ̀ngàn. Àwọn kan ń fi fóònù ya gbogbo èèyàn, wọ́n ń gbé e sórí ayélujára lójú ẹsẹ̀. Gbogbo ìgbà tí fóònù bá kọjú sí i, á fi etí hìjáàbù bo ojú. Ó ń rò ó pé bí Ọ̀gá Johnson bá rí òun ńkọ́? Làtífátù ní ta ló fẹ́ wò ó nínú ogunlọ́gọ̀ yìí, ṣé òun ló ń kọrin ni?

Nígbà tí Sirajudeen jáde, Toyibat gbàgbé fóònù àti ẹni tó mú un dání. Ọkùnrin náà kúrú ju bó ṣe rò lọ. Ó kúrú, ó sanra díẹ̀, ó sì mú áńkáṣíìfù lọ́wọ́ tó fi ń nu òógùn, bí èèyàn ẹlẹ́ran ara. Ṣùgbọ́n nígbà tó lanu, ohùn náà wọ Toyibat láyà, ó gba ẹ̀yìn rẹ̀ jáde. Làtífátù fi ìgúnpá gún un. "Alhaja, ògiri dà?"

Fóònù rẹ̀ gbọ̀n nínú báàgì. Ó yọjú wò ó. Ayọ̀kúnnúmi ni. Ó fi sílẹ̀. Ó tún gbọ̀n. Ó tún fi sílẹ̀. Ó ní bóyá ó fẹ́ béèrè bí orin ṣe rí ni. Nígbà tó gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan sí i tó sì dákẹ́, àtẹ̀jíṣẹ́ ló wọlé.

"Toyibat, gbé ìpè mi. Ẹ̀rọ ti mú ẹ lọ́wọ́. Wọ́n ti gbé ẹ lọ sí ọsibítù tí ilé iṣẹ́ ń lò."

Ó kà á. Ó tún un kà. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì, ó ká ìka wọn, ó nà wọ́n.

Ó já ara rẹ̀ gbà láàárín èrò, ó jáde sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà, ó sì pe Ayọ̀kúnnúmi. Inú ilé ìyàgbẹ́ ibi iṣẹ́ ni obìnrin náà ti gbé e, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló sì ń sọ̀rọ̀. Ó ní ẹ̀rọ ló há. Ọ̀gá Johnson dúró láàárín ilé, ó ké sí Fọ́tì-Wan. Rose wo òun, òun náà wò ó. Bó bá ní òun ò mọ̀ ọ́n, àṣírí tú nìyẹn. Ló bá lọ. Ó pa iná rẹ̀, ìyẹn ló mọ̀, ló bá ti ọwọ́ bọ ibẹ̀. Irin ò tíì dúró. Bó ṣe ń já ọwọ́ gbà ló ṣubú, tó fi orí gbá irin ìsàlẹ̀, kò sì mọ ibi tó wà mọ́.

"Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló gbé e sínú mọ́tò," Ayọ̀kúnnúmi ní. "Wọ́n sì ti rí nọ́ńbà màmá ẹ nínú ìwé wọn, wọ́n ti pè wọ́n. Toyibat ni wọ́n sọ fún wọn pé ó ṣèṣe. Ṣé ò ń gbọ́ mi? Ìwọ ni wọ́n gbé lọ."

Toyibat di ògiri mú.

Ohun tó sọ fún ara rẹ̀ nìyí: bí ilé iṣẹ́ bá mọ̀ pé Rose ni, wọ́n á ní àwọn ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n á ní àjèjì kan ló yọ́ wọlé. Wọ́n á fà sẹ́yìn, ọsibítù á sì ní kí wọ́n gbé e kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Nítorí Rose ni òun fi máa dákẹ́, kì í ṣe nítorí ara òun. Òótọ́ wà níbẹ̀ díẹ̀. Òótọ́ díẹ̀ yẹn ló jẹ́ kí irọ́ náà ṣeé gbé mì.

Ó pe ìyá rẹ̀. Orí ọ̀kadà ni ìyá náà wà, ó ti kúrò ní Itele, ó ń sunkún.

"Ta ló ń sọ̀rọ̀?" ni ìyá béèrè.

"Èmi ni, Ìyá."

Toyibat ń gbọ́ ariwo ọ̀kadà náà. Ìgbà tí ìyá máa tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti dà bí ti ẹni tó ń bá òkú sọ̀rọ̀. "Toyibat? Wọ́n ní ẹ̀rọ ti jẹ ọ́ lọ́wọ́."

Ó ṣàlàyé. Ẹnu rẹ̀ ń kọsẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣàlàyé. Lẹ́yìn náà ló wá sọ èyí tó burú jù. Ó ní bí ìyá bá dé ibẹ̀, kó ní ọmọ òun ni.

"Irọ́ lo fẹ́ kí n pa? Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán?"

Toyibat bẹ̀ ẹ́. Ó ní bí ìyá bá lè jẹ́ ìyá Rose fún ìwọ̀nba ìgbà tí wọ́n á fi tọ́jú ọwọ́ rẹ̀, òun á wá sọ òótọ́ tó bá yá. Ìyá mí kanlẹ̀.

"Ọmọ ọlọ́mọ ni. Mo gbọ́. Ìwọ máa bọ̀ kíákíá."

Máa bọ̀ kíákíá ni ìyá wí. Ọ̀kadà pọ̀ níwájú gbọ̀ngàn, wọ́n ń pe èrò. Toyibat ti nawọ́ sí ọ̀kan. Ni Sirajudeen bá bẹ̀rẹ̀ orin yẹn nínú ilé. Orin tí Toyibat fi ń jí, tó fi ń sùn. Èyí tó jẹ́ pé ìlù rẹ̀ nìkan ló gbọ́ lẹ́yìn ògiri lọ́jọ́sí.

Ó ní ẹyọ kan yìí péré. Ìyá á ti dé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ ti lójú. Ẹyọ kan yìí.

Ó padà wọlé.

Nígbà tó ń sọ ibí yìí fún mi, kò lè wo ojú mi. Ó ní bí èèyàn bá fẹ́ bínú sí òun, ibẹ̀ ni kó ti bínú.

Ìdí ilẹ̀kùn ló dúró sí. Orin náà dùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, ó dùn ju ti inú fóònù lọ. Láàárín rẹ̀, Sirajudeen dáwọ́ orin dúró bó ṣe máa ń ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún èrò. Ó ní oúnjẹ tí a ń jẹ kò ní di àìsàn. Wọ́n ní àmín. Ó ní ilé tí a ń gbé kò ní di ibojì. Wọ́n ní àmín. Ó ní oògùn tí a bá lò kò ní di májèlé sí wa lára.

Gbogbo gbọ̀ngàn ní àmín. Toyibat la ẹnu, àmín ò jáde.

Ó rántí ojú Rose.

Lásìkò òjò tó kọjá, ọ̀fun ń dun Rose, ó lọ gba abẹ́rẹ́ lọ́dọ̀ kẹ́mísìtì kan ní Ilo-Awela. Kó tó dé ilé, ojú rẹ̀ ti wú dí, ètè rẹ̀ ti yọ síta, èémí ò gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Toyibat ló pọ̀n ọ́n dé títì, tó fi rí mọ́tò gbé e. Dókítà tó gba ẹ̀mí rẹ̀ là ní pẹnisílíìnì ló wà nínú abẹ́rẹ́ náà, ara Rose kò sì gbà á. Ó ní kí wọ́n má jẹ́ kó tún kàn án láéláé, torí èkejì lè máà jẹ́ kó dé ọsibítù. Rose ò sọ fún ìyá rẹ̀ kó má bàa dáyà fò ó. Toyibat nìkan ló mọ̀.

Wọ́n á sì bi ìyá léèrè. Gbogbo ọsibítù ló ń béèrè. Màmá, ṣé oògùn kankan wà tí ara ọmọ yín kò gbà? Ìyá Toyibat á sì ronú kan Toyibat, ọmọ tó fún ní gbogbo oògùn ayé láti kékeré, á ní kò sí.

Ó pe ìyá. Fóònù dún títí, kò gbé e. Ó tún pè é. Wọ́n ní wọ́n ti pa á. Ó pe Ayọ̀kúnnúmi, ìyẹn ti padà sídìí iṣẹ́, kò gbé e. Kò mọ orúkọ dókítà, kò mọ ẹni tó lè pè. Ó já lu títì, ó gun ọ̀kadà kan láì béèrè iye tó fẹ́ gbà.

Lábẹ́ bíríìjì Ṣàngó, tírélà kan ti dábùú ọ̀nà. Ọ̀kadà ò rí ibi gbà. Toyibat bọ́ sílẹ̀, ó sáré. Bàtà rẹ̀ kan já, ó bọ́ èkejì sọnù. Àwọn tó ń ta ọjà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ń béèrè ta ló ń lé e. Ọkùnrin kan tilẹ̀ di báàgì ara rẹ̀ mú, ó rò pé olè ni. Ó ń sáré, ó ń dá sọ̀rọ̀. Ó ń sọ pé ẹ má tíì gún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gún un. Gbogbo abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún òun fúnra rẹ̀ rí ló ń rí lójú, bí nọ́ọ̀sì ṣe máa ń gbé e sókè, tó máa ń ta omi díẹ̀ kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Ọ̀gá Johnson ló dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá tí wọ́n tẹ́ Rose sí. Toyibat fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kàn wò ó bí èèyàn ṣe ń wo ẹni tó ṣìnà. Ó ní ìyàwó, ibo lo fẹ́ lọ, aláìsàn wà níbí. Gbogbo ìgbà tó ti ń ké sí Fọ́tì-Wan, kò mọ ojú rẹ̀. Ó lè yí padà níbẹ̀. Ó lè ní òun ṣìnà lóòótọ́.

Ó gba abẹ́ apá rẹ̀ wọlé.

Ìyá rẹ̀ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń ka tẹ̀súbáà. Wọ́n ti fi báńdéèjì di ọwọ́ òsì Rose, ó tóbi bí orí ọmọ. Omi ń kán wọ̀ ọ́ lára láti inú ike tí wọ́n so kọ́ sókè, nọ́ọ̀sì sì ti ti abẹ́rẹ́ bọ okùn omi náà, ó ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Rose ti ń lajú. Ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún họ ọrùn.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ dúró," Toyibat ní. "Pẹnisílíìnì ni? Ara rẹ̀ kò gbà á."

Nọ́ọ̀sì béèrè ta ni í ṣe. Ó ní ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni òun. Nọ́ọ̀sì ní kí ọ̀rẹ́ lọ jókòó síta, ìyá tó bí ọmọ ló wà níjòókòó yìí, òun sì ti bi í dáadáa, ó ní kò sí oògùn tí ara ọmọ òun kọ̀. Ìyá ní wọ́n ti fún ọmọ náà ní irú rẹ̀ rí, nǹkan kan ò ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni àtàǹpàkò rẹ̀ ṣì wà lórí abẹ́rẹ́.

Toyibat wo ètè Rose. Ó ti ń yọ síta.

"Ìyá yẹn kọ́ ló bí i," ó ní. "Èmi ni wọ́n bí. Èmi ni Toyibat. Rose lorúkọ ẹni tí ẹ ń gún yìí, ẹ sì ti fẹ́ pa á."

Àtàǹpàkò nọ́ọ̀sì dúró. Ó wo ìyá. "Màmá?"

Ìyá Toyibat dìde. Tẹ̀súbáà já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò bẹ̀rẹ̀ mú un. "Òótọ́ ló sọ," ó ní. "Mo purọ́ fún ẹ, ọmọ mi."

Nọ́ọ̀sì fa abẹ́rẹ́ yọ, ó tú okùn omi, ó sì pariwo pe dókítà. Rose ti ń mí bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn. Ojú rẹ̀ wá Toyibat kàn, ó dúró sí i lára, kò kúrò. Wọ́n ti gbogbo wọn jáde, wọ́n fa aṣọ dí ẹnu ọ̀nà.

Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, Ọ̀gá Johnson sún mọ́ Toyibat. Kò pariwo. Ó bi í bóyá òun gan-an ni Fọ́tì-Wan. Toyibat ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀gá ní kó na ọwọ́. Toyibat nà wọ́n. Ọ̀gá Johnson yẹ̀ wọ́n wò, iwájú, ẹ̀yìn, bí ẹni tó ń ṣàyẹ̀wò ọjà.

"Ọwọ́ Fọ́tì-Wan pé," ó ní. "A jẹ́ pé kò sí òṣìṣẹ́ wa tó ṣèṣe."

Ó yọ fóònù, ó ní kí dírẹ́bà gbé mọ́tò wá sẹ́nu ọ̀nà. Ó lọ.

Ìyá àti ọmọ kù sórí bẹ́ńṣì. Ìyá ò bá a wí. Ìyẹn ló bà á lẹ́rù jù, pé ìyá ò bá a wí. Wọ́n ń gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn èèyàn lẹ́yìn aṣọ náà, wọ́n ń gbọ́ irin tó ń kan ara wọn, dókítà ń ní kí wọ́n mú èyí wá, kí wọ́n mú tọ̀hún wá. Lẹ́yìn náà wọn ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Toyibat ní bí òun bá rántí ọjọ́ náà, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ló ń kọ́kọ́ dé.

Dókítà jáde, ó ń nu ojú. Ó ní ó ti ń mí. Ó ní ká ní wọ́n tẹ abẹ́rẹ́ yẹn tán ni, ọ̀rọ̀ mìíràn là bá máa sọ. Ìka méjì ti lọ lọ́wọ́ òsì rẹ̀, ìyẹn kò ní àtúnṣe.

Iṣẹ́ Toyibat lọ bẹ́ẹ̀. Òun àti ìyá rẹ̀ ni wọ́n jọ gbé ìtọ́jú náà, wọ́n ta ohun tí wọ́n lè tà. Ó kúrò nínú gúrúpù Sirajudeen, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ ìdí rẹ̀. Ó ní kí n sọ fún ẹ̀yin tí ẹ ń wọ aṣọ ara yín wọṣẹ́ pé kì í ṣe aṣọ nìkan lẹ ń yá ara yín. Ohun tó wà lára onítọ̀hún, ohun tó ń pa á, ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ àti èyí tí kò mọ̀, kò bá aṣọ yẹn lọ.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń jí i lójú oorun ni ti ọjọ́ kejì, nígbà tí ìyá Rose dé láti Àgbádárìgì.

Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ẹnu rẹ̀ ò yá. Rose ti sọ fún un pé òun gbà láti lọ, pé ẹnikẹ́ni ò fi ipá mú òun. Ìyá Toyibat kúnlẹ̀ fún un níwájú gbogbo àwọn aláìsàn. Obìnrin náà gbé e dìde, ó ní kó jókòó. Ó wá kọjú sí Toyibat.

"Bó bá kú lánàá ńkọ́?"

Toyibat wo ìyá rẹ̀, obìnrin náà sì ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

"Ẹ̀yin Mùsùlùmí kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀. Wọn ì bá ti gbé e lọ sí Itele. Wọn ì bá ti kírun sí i lára, kí wọ́n pè é ní Toyibat wọ ilẹ̀. Èmi ì bá sì wà lójúlé mi ní Àgbádárìgì, tí mo ń wo fóònù."

"Mi ò ní jẹ́ kó débẹ̀, ìyá," ni ìyá Toyibat wí. "Mo fi Ọlọ́run búra. Ǹ bá ti sọ̀rọ̀."

"Ẹ ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ná," ni obìnrin náà dá a lóhùn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ẹ ní ọmọ yín ni."

Ìyá Toyibat tẹrí ba. Nínú yàrá náà, ẹnì kan ń wúkọ́. Obìnrin náà fa Toyibat lọ́wọ́ dé ìdí bẹ́ẹ̀dì. Rose ti sùn lọ, ojú rẹ̀ ṣì wú díẹ̀.

"Pe orúkọ rẹ̀ kí n gbọ́."

"Rose," ni Toyibat wí.

"Èyí tí mo sọ ọ́ ńkọ́?"

Wọ́n ti jọ gbé yàrá kan, wọ́n ti jọ jẹun nínú abọ́ kan. Ó mọ orúkọ Ègùn náà, ṣùgbọ́n kò fi pè é rí. Ó fi ahọ́n lá ètè.

"Sẹ̀nàmí."

Aláìsàn náà kò dáhùn. Toyibat di irin bẹ́ẹ̀dì mú. Ó tún pè é, ó gbé ohùn sókè díẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà á bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ilé tí kò mọ̀ bóyá èèyàn kù níbẹ̀.

"Sẹ̀nàmí."

Rose la ojú. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wo Toyibat, ó sì jẹ́ ẹ.